Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Amẹ́ríkà: ṣé kó gba owó, ṣé kó sì wọ ẹgbẹ́?

Ìbéèrè: "Ọmọkùnrin mi wà ní yunifásítì ìjọba kan ní Texas. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ló gbé e débẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù náà ni wọn kò ṣe gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wa. Ó pè mí pé ilé-ìwé ti ń pín owó fún àwọn eléré báyìí, àti pé àwọn kan nínú wọn ń kó ara wọn jọ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí òun náà wá fọwọ́ sí ìwé. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Níbi tiwa níbí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá. Iṣẹ́ tó ń kọ́ ni owó rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n fún un nílé, wọ́n ń bọ́ ọ. Kí ló tún ń wá? Ṣé kò sì ní í kó bá físà rẹ̀?" Ìyá ọlọ́mọ, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ o, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò gbọdọ̀ dúró: kó má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ní ilé-ìwé rẹ̀ yóò fi kọ èsì fún un, kí èsì náà sì wà nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu lásán. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Ní ti bóyá ó tọ́ kí wọ́n san owó fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, mi ò ní í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún yín. Ó tọ́, ó sì ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n owó yẹn gan-an kọ́ ló ká mi lára jù. Ẹni tó pín in, àti ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in, ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ wá, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Mo mọ agbẹjọ́rò tó gba owó ńlá láti sọ ohun kan náà ní kóòtù, tí kò sì sọ ọ́ yéni tó báyìí. Ẹ wá jẹ́ ká wò ó dé ìdí. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kì í gba owó oṣù, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ni ọ̀gá ń rán jẹun, aṣọ náà lọmọ ń kọ́, lọ́jọ́ tó bá sì gba òmìnira, iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ̀gá ti di tirẹ̀ nìyẹn. Nínú 100 ọmọ tó ń ṣe eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kò tó 2 tí yóò fi eré náà jẹun lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìwé ni wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́, bọ́ọ̀lù ni ilé-ìwé ń tà, ìkejì sì ń dí èkíní lọ́wọ́. Kain Colter, tó darí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré) fún yunifásítì Northwestern nígbà kan, fẹ́ di dókítà eegun. Ó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba pé kíláàsì kẹ́mísírì tó ṣe dandan fún òun bọ́ sí àkókò ìgbaradì, ni òun bá fi kíláàsì sílẹ̀. Ọ̀gá wo ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ tó máa ń ní kó fi iṣẹ́ tó wá kọ́ sílẹ̀ kó wá ṣe òmíràn?

Ohun kan tún wà. Tí oníbàárà bá yọ owó kékeré fún ọmọṣẹ́ pé ó ṣeun, ọ̀gá kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2021, òfin NCAA, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, le ju ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kò gbọdọ̀ gba owó kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sára fọ́tò ara rẹ̀. Tó bá gbà á, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú eré. Arike Ogunbowale, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ju bọ́ọ̀lù kan sínú agbọ̀n nígbà tó ku díẹ̀ kí ìdíje ìparí ọdún 2018 parí, bọ́ọ̀lù yẹn ló sì gba ife-ẹ̀yẹ fún Notre Dame. Gbogbo Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kan náà, wọ́n pè é síbi ìdíje ijó kan lórí tẹlifíṣàn. NCAA ní láti fún un láṣẹ kó tó lè gba owó ijó náà, wọ́n sì gbà nítorí pé ijó jíjó kò kan bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹlòmíràn lọ ni wọ́n jẹ́ kó gbowó lé lórí o, Màmá.

Ẹ ní wọ́n ń bọ́ ọ. Wọ́n ń bọ́ ọ báyìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Shabazz Napier, ẹni tó ṣe bẹbẹ jù nínú àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ fún Connecticut, sọ fún àwọn oníròyìn pé alẹ́ kan wà tí ebi máa ń pa òun sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ta lágbo, kò sì pẹ́ rárá tí NCAA fi yí òfin oúnjẹ padà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, ọdún mẹ́rin kí ọmọ yẹn tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti ta ẹ̀tọ́ láti fi ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n ọkùnrin hàn lórí tẹlifíṣàn fún ọdún 14 ní bílíọ̀nù 10.8 dọ́là, wọ́n sì fi bílíọ̀nù 8.8 kún un ní ọdún 2016 kó lè dé ọdún 2032. Ẹ wo Texas tí ọmọ yín wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Texas A&M dá kóòṣì wọn, Jimbo Fisher, dúró lẹ́nu iṣẹ́, owó tó kù nínú àdéhùn rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún un lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Owó kó máa lọ sílé ni. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé owó kò sí nínú eré akẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè ti Fisher lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ará wa tún máa ń fi Hakeem Olajuwon ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti Èkó wá sí Houston ní ọdún 1980, ilé-ìwé kò san owó oṣù fún un, ó sì di Olajuwon. Òótọ́ ni. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun, ní ọdún 1984. Àmọ́ ẹ̀yin ẹ béèrè orúkọ àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣe pàtàkì, àti nítorí ẹni tó bá farapa.

Ibi ìfarapa gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1955, Ray Dennison, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé Fort Lewis A&M ní ìpínlẹ̀ Colorado, fi orí gbá níbi eré, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú tí wọ́n máa ń san fún ẹbí òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Colorado ní ọdún 1957 sọ pé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ìwé, obìnrin náà kò sì rí nǹkan kan gbà. Walter Byers, tó jẹ́ ọ̀gá NCAA láti 1951 títí di 1987, kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì pé irú ẹjọ́ báyìí ni ẹ̀rù rẹ̀ bà wọ́n tí wọ́n fi rọ òfin àti ètò tí yóò máa pe àwọn ọmọ náà ní akẹ́kọ̀ọ́ ṣáá. Nígbà tó yá, òun náà yíjú padà, ó ń bá ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ jà.

Ohun tó wá kan ẹgbẹ́ nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Colter tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Northwestern fi ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, NLRB ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ní ẹgbẹ́. Owó oṣù kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìtọ́jú fún ẹni tó bá farapa lẹ́yìn tó ti kúrò nílé-ìwé ni wọ́n ń béèrè, ìṣọ́ra lórí orí fífọ́, àti pé kí wọ́n má ṣe gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé kò lè sáré mọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka Chicago ti NLRB gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó rí i pé nígbà eré, wákàtí 40 sí 50 ni wọ́n ń lò lọ́sẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù, pé kóòṣì ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á jí àti ìgbà tí wọ́n á jẹun, pé ó tún ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ó dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin wọ́n dìbò. Wọ́n ti àpótí ìbò náà pa pé ó di ìgbà tí olú-ìgbìmọ̀ bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí olú-ìgbìmọ̀ máa sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, wọn kò sọ pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe òṣìṣẹ́, wọn kò sì sọ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò ní í dá sí i, nítorí pé nínú bí 125 ilé-ìwé tó wà ní ìpele bọ́ọ̀lù yẹn, 17 péré ni aládàáni, àwọn kò sì ní àṣẹ lórí ti ìjọba. Ẹnikẹ́ni kò ka ìbò náà títí dòní.

Ẹni tó bá kà á dé ibẹ̀ á ní wọ́n ṣòfò. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún kan àti díẹ̀ tí ẹjọ́ yẹn fi wà nílẹ̀, òfin oúnjẹ yí padà, àwọn ilé-ìwé ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó díẹ̀ kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ìnáwó ojoojúmọ́, wọ́n sì gbà pé àwọn kò ní í gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mọ́ nítorí pé eré rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀ wọ́n fún nǹkan wọ̀nyí. Ìgbà tí àwọn ọmọ náà kóra jọ ni etí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ìgbìyànjú àwọn ọmọ Dartmouth, ilé-ìwé gíga aládàáni kan, tún tẹ̀ lé e. Níbẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ ilé-ìwé náà ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, owó wọn sì ti gbéra. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n dìbò, 13 gbà, 2 kọ̀. Ilé-ìwé kọ̀ láti bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ yí padà ní Washington, àwọn ọmọ náà rí i pé olú-ìgbìmọ̀ NLRB tuntun lè dá ẹjọ́ tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì fa ìwé wọn padà ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún náà. Ọgbọ́n ni. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni.

Ní ti kóòtù, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá NCAA lẹ́bi ní oṣù kẹfà ọdún 2021 nínú ẹjọ́ tí eléré kan tó ń jẹ́ Alston pè, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì fẹnu kò. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni NCAA jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ tí eléré mìíràn tó ń jẹ́ House pè, tí adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí ìparí rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 2025. Òun ló bí owó tí ọmọ yín ń sọ. Láti oṣù keje ọdún náà, ilé-ìwé tó bá wọ ètò náà lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Àwọn tó ti ṣeré láti ọdún 2016 náà máa pín nǹkan bí bílíọ̀nù 2.8, tí wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Owó ńlá ni, kò sí irọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe dé orí mílíọ̀nù 20.5? Ìdá 22 nínú 100 ni, lára owó kan tí àwọn ilé-ìwé ńlá ń pa lórí eré. Àwọn eléré NBA àti ti NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ń gba nǹkan bí ìdajì. Ẹ má ṣe rò pé àwọn olówó wọn láàánú ju àwọn ilé-ìwé lọ. Àwọn eléré NBA ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti 1954, ní ọdún 1964 sì ni wọ́n jókòó sí yàrá ìmúra tí wọ́n ní àwọn kò ní í jáde sí pápá níbi eré àwọn ìràwọ̀ tí tẹlifíṣàn ti ń dúró dè, àfi kí wọ́n gbà láti san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn. Wọ́n gbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ yunifásítì kò ní ẹgbẹ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn lọ́yà ló bá àwọn lọ́yà sọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ iye tó kàn wọ́n fún wọn. Ohun tí a kò bá ọ dúnàádúrà lé lórí, ẹni tó fún ọ lè gbà á padà lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sí ibi tí wàá ti bi í léèrè. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì ju owó náà lọ.

Àwọn kan ń ta ko owó yìí, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ńlá, ìdá 75 nínú 100 owó náà ló ń lọ sí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìdá 15 sí bọ́ọ̀lù agbọ̀n ọkùnrin, èyí tó kù ni gbogbo yòókù ń pín, tobìnrin tọkùnrin. Àwọn eléré obìnrin ti lọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí bílíọ̀nù 2.8 ti àwọn tó ti ṣeré sẹ́yìn yẹn, wọ́n ní ó lòdì sí òfin ọdún 1972 tó ní kí ilé-ìwé má ṣe fi ọkùnrin ṣáájú obìnrin. Àwọn ilé-ìwé kan sì ti ń pa àwọn eré tí kò pa owó wọlé rẹ́. Èyí kàn wá gan-an. Tobi Amusan, ọmọ ìlú yín, eré sísá ló gbé e wá sí University of Texas ní El Paso, ibẹ̀ ló ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì lórí 100 mítà onífífò ní Eugene ní ọdún 2017, kó tó padà sí Eugene kan náà ní ọdún 2022 láti sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, tí kò sí obìnrin kankan láyé tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kọ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wa wá síbí; eré sísá ni. Òfin tuntun gba ilé-ìwé láyè láti fún tó 45 sárésáré ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àyè kọ́ ni owó, ilé-ìwé tó ń wá mílíọ̀nù kiri fún ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀lù kò ní í wá a fún ẹni tó ń fo igi. Èmi rò pé ẹgbẹ́ tó bá kó gbogbo eléré pọ̀ ló lè jà fún sárésáré. Lọ́yà tí bọ́ọ̀lù ló pè é kò ní í jà á.

Físà wá kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà lórí físà F-1 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níta ilé-ìwé láìgba àṣẹ. Nínú ọgbà ilé-ìwé, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Tó bá rú u, òun ló máa pàdánù ìwé rẹ̀, kò kan ilé-ìwé. Kí ọmọ yín dúró sí yàrá rẹ̀ ní Texas kó máa fi fóònù polówó bàtà fún owó, iṣẹ́ ni wọ́n máa kà á sí. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún Kentucky, dúró de ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn lọ ṣeré ní Bahamas ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ibẹ̀ ló ti ya àwọn fọ́tò ìpolówó rẹ̀, nítorí pé kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Tí ọmọ yín bá wálé fún ìsinmi, ọ̀nà yẹn lè ṣí sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kó béèrè kó tó ṣe é.

Ti owó tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń pín yìí ló tún díjú sí i. Wọ́n ní owó lílo àwòrán rẹ̀ ni, kì í ṣe owó iṣẹ́. Ìjọba kò tíì sọ bóyá òun gbà bẹ́ẹ̀. Àti pé ìṣòro kan wà tí àwọn olùfẹ́ ẹgbẹ́, èmi náà pẹ̀lú, kì í fẹ́ sọ síta: tí kóòtù bá sọ lọ́la pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, kí ni wọ́n máa ṣe sí wákàtí 20 ti ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí 40 ni bọ́ọ̀lù ń gbà? Ó yẹ kí ẹgbẹ́ tó ní òun ń jà fún gbogbo wọn ní ìdáhùn sí i. Kó bi wọ́n.

Ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí ńkọ́? Níwọ̀n bó ti jẹ́ ilé-ìwé ìjọba ló wà, NLRB kò ní àṣẹ níbẹ̀, òfin Texas kò sì gba ìjọba láyè láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn, àfi ọlọ́pàá àti panápaná ní àwọn ìlú kan. Nítorí náà, ìwé yẹn kò lè sọ ilé-ìwé di dandan láti jókòó tì wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti wọ ẹgbẹ́, fífọwọ́ sí i lásán kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó lè ba físà jẹ́. Tí kò bá sí owó tí wọ́n ń gbà tàbí tí wọ́n ń fún un, kó wọ̀ ọ́. Ohun tó máa rí níbẹ̀ kọ́kọ́ ni ìmọ̀: iye tí wọ́n fún ẹni tó jókòó tì í, ohun tó wà nínú àdéhùn ti ẹni yẹn.

Nítorí àdéhùn ilé-ìwé náà ni èmi yóò máa ṣọ́ ju ìwé ẹgbẹ́ lọ. Kó wò ó bóyá wọ́n lè dín owó rẹ̀ kù tó bá farapa, bóyá ó máa san owó padà tó bá fẹ́ lọ sí ilé-ìwé mìíràn, àti ta ló máa san owó ilé ìwòsàn lẹ́yìn tó bá jáde; láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, adójútòfò NCAA ń dá sí i fún ọdún méjì, kó béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ọdún méjì yẹn. Kó fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn lọ́yà tó mọ òfin físà kó tó fọwọ́ sí i. Tí ilé-ìwé bá ní kó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún un, kó ní màmá òun ní kí òun kọ́kọ́ kà á délé.